Ipò Kẹsàn-án

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé lókè ilé mi sọ fún mi pé òun ò fẹ́ ọlá mọ́, inú yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé wa ní Märkisches Viertel la wà. Ó ń kó aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ. Ó ti fi ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé méjèèjì há abíyá, omi wọn sì ń kán sára bàtà mi.

“Àbúrò, ìwọ ni akọ̀wé àṣàyàn,” ó wí. “Yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àwọn àgbà.”

Mo rò pé ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ó ń wa bọ́ọ̀sì nílùú Berlin, orúnkún rẹ̀ òsì sì máa ń dún tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Mo ní kò burú, pé a máa dágbére fún un bó ṣe yẹ.

“Ta ló fẹ́ lọ? Ìwé àwọn ọ̀dọ́ ni mo ní kí o kọ mí sí.”

Mo gbé agbọ̀n aṣọ mi kalẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin: ti Spandau, ti Neukölln, ti Märkisches Viertel ní Berlin níbí, àti ti Hamburg. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án la máa ń gbá a, ẹni méje sí méje, ní ọ̀sán Sátidé. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, pásítọ̀ kan sì wà tí kì í gbà láé pé òun ṣẹ̀ bí rẹfirí bá fọn fèrè. Bí oṣù kẹsàn-án bá parí, àdéhùn gbogbo èèyàn parí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè di ẹni mẹ́rin mú. Àwọn tó kù á padà sínú agbọ̀n, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé á kún wọn, a ó sì tún wọn pín nínú oṣù kẹta. Ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, kí ìyà má baà jẹ ẹnì kan ṣoṣo títí.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn. Mo ti jókòó sí ìpàdé àwọn olóṣèlú tí n kò lè ka iye wọn, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ariwo tí a máa ń pa lórí fóònù láti oṣù kẹwàá títí òtútù fi máa lọ: ta ni ká dì mú, ta ni ká fi ṣe pàṣípààrọ̀. Lọ́dún yẹn, Neukölln kó agbábọ́ọ̀lù àárín wọn fún Spandau, wọ́n sì gba agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn méjì. Mo sọ nígbà náà pé wọ́n fi orí gba ẹsẹ̀ ni, mo sì tún ń sọ ọ́. Àwa ti Märkisches Viertel, tí a gba ife, di agbábọ́ọ̀lù iwájú wa mú, ẹni tó ń gbá góòlù wọlé bí ẹni ń mu omi, ṣùgbọ́n tí kì í dé ibikíbi lásìkò. Tó bá ṣe tèmi ni, ǹ bá fi í sílẹ̀. Wọn ò gbọ́ tèmi. Aṣọ́lé wa ní tirẹ̀ ríṣẹ́ sí Munich, ó ti lọ. Aṣọ́lé la ń wá.

Òfin kan wà nínú àṣàyàn wa tí n kò rí níbòmíràn rí. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta kò gbọdọ̀ dúró kí wọ́n mú ọmọdé ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà la kọ́kọ́ máa ń mú, ẹni tó dàgbà jù ṣáájú. Mo bi alága wa, bàbá kan nínú ìjọ aláṣọ funfun tó ń yá wa ní gbọ̀ngàn ní Spandau, bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

“Lọ́dún àkọ́kọ́, àgbà kan ló gbẹ̀yìn,” bàbá ní. “Ó kí gbogbo wa, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Títí dòní, bó bá rí mi ní títì, òdìkejì ló ń sọdá sí. A ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.”

Òfin tó dára ni. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé bí wọ́n bá ti mú àwọn àgbà tán pẹ̀lú àtẹ́wọ́, bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa ń gbé wọn lọ.

“Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń mú mi ní ipò kìíní,” ẹ̀gbọ́n sọ fún mi nínú yàrá ìfọṣọ yẹn. “‘Bàbá, ẹ kú ọlá o. Bàbá, ẹ bọ́ síwájú.’ Tó bá di oṣù kẹrin, ‘Bàbá, ẹ jókòó.’ Kò sí bẹ́ǹṣì tí n kò mọ̀ ní Berlin. Mo mọ èyí tí ìṣó rẹ̀ máa ń gún èèyàn nídìí.”

“Kí lẹ wá fẹ́ gan-an?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kípà ni mí, tàbí àlejò pàtàkì.”

Mo rán an létí ohun tó ń tọrọ. Orúkọ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ìwé àwọn ọ̀dọ́, àyè ogún péré ló sì wà. Ẹni mẹ́rin máa lọ sílé. Nínú ìwé àwọn àgbà, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Ó ní òun mọ ìṣirò.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé àwọn arúgbó, ní òun náà mọ̀ ọ́n. Ó dá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè. “Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ yẹn? Tí wọn ò bá mú u, èmi ni màá bá a gbé ilé, kì í ṣe ẹ̀yin.” Ọmọbìnrin wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, fi Jámánì dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé ẹ jẹ́ kí bàbá òun ṣe é, kí wọ́n wò ó. Ìyá ní, “Ẹnu ẹ gbóná. Bí wọ́n bá já a sílẹ̀, ìwọ lo máa se oúnjẹ tó máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.”

Òwúrọ̀ Sátidé àṣàyàn, òjò ń rọ̀. A ṣe ìdánwò lórí pápá oníkóríko àtọwọ́dá nítòsí ilé wa. Àwọn mẹ́rìnlélógún gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń wò wọ́n. Aṣọ́lé méjì ló wà láàárín wọn: ẹ̀gbọ́n mi, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Òṣogbo tó ga débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi ojúlé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fò, ó ta, ó mú bọ́ọ̀lù kan ní òfuurufú tí gbogbo wa fi pariwo. Ẹ̀gbọ́n ò fò púpọ̀. Bọ́ọ̀lù kan gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, mo sì yíjú.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Hamburg kò dúró pẹ̀lú àwa yòókù. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin ìdájí wá. Ó wọ aṣọ òjò pupa, ó lọ dúró lẹ́yìn àwọ̀n ojúlé, ó sì pa ojú dé.

Mo lọ bá a. “Ṣé oorun ni?”

“Rárá, sà. Mo ń gbọ́ bọ́ọ̀lù.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi nítorí pé àṣà mi ni láti kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò rò ó síwájú.

Nígbà tó di ọ̀sán, a kó lọ sí Spandau. Ìjọ tó ni gbọ̀ngàn yẹn kì í wọ bàtà, àwa náà kì í wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Gbogbo wa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a sì wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ò lè mọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bá wọ ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo wọn dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti yọ jáde. Ó ṣì mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Alága ka orúkọ àwọn àgbà mẹ́rin. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ẹnì kan sọnù níbí.”

“N kò sọnù, bàbá,” ẹ̀gbọ́n dáhùn láti ẹ̀yìn. “Mo wà nínú ìwé kejì.”

“Ta ló gbé ọ lọ síbẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ni.”

Bàbá wo mi. “Akọ̀wé, ìwọ lo jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Àwọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́.”

“Tó bá gbẹ̀yìn ńkọ́? Tí wọn ò bá tiẹ̀ mú un rárá ńkọ́?”

“Màá kí gbogbo yín,” ẹ̀gbọ́n ní, “màá wọ bàtà mi, màá sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. N kò ní sọdá títì fún ẹnikẹ́ni.”

Alága jókòó, ó ní ká bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n mú àwọn àgbà mẹ́rin, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ọ̀kan. A pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkà àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Hamburg ló gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá, nítorí náà àwọn ló kọ́kọ́ mú: agbábọ́ọ̀lù iwájú kan láti Abẹ́òkúta, tó ń kàwé Masters, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí iná. Èmi náà ì bá mú un. Neukölln mú nọ́ọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Spandau mú ọmọ ẹ̀gbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, a sì rẹ́rìn-ín. Àwa mú agbábọ́ọ̀lù àárín tó lè sáré láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó di ìyípo kejì. Ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje. Aṣọ́lé méjèèjì ṣì wà ní ìdúró.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa fẹnu sí mi létí. Ọmọkùnrin tó mọ ìwé ni, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yìí àti èmi jọ ń gbé ilé kan.

“Ẹ̀gbọ́n akọ̀ròyìn, kípà la fẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ta ni ká mú?”

Mo gbé ojú sókè. Ẹ̀gbọ́n ń wo mi. Mo rántí bọ́ọ̀lù tó gba abẹ́ apá rẹ̀. Mo rántí èyí tí ọmọ yẹn mú lófuurufú. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kan ni mí, mo sì fẹ́ kí a tún gba ife.

“Èyí tó ga,” mo wí.

Wọ́n ké ipò kẹjọ. Ọmọ Òṣogbo tẹ orí ba lábẹ́ iná gbọ̀ngàn, ó wá dúró lẹ́yìn wa. Aṣọ́lé kan ṣoṣo ló kù. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Mo mọ̀ pé Spandau ní aṣọ́lé, Neukölln náà ní.

Ọ̀dọ́bìnrin Hamburg dìde.

“Ipò kẹsàn-án. Hamburg mú bàbá tó di ìbọ̀wọ́ mú yẹn.”

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀gbọ́n ti di ọ̀dọ́ o!” ilé sì dàrú. Alága lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

“Ọmọbìnrin,” ó bi í, “ṣé ò ń bọlá fún un ni? Sọ òótọ́ fún mi.”

“Rárá, sà. Tó bá jẹ́ ọlá ni, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dé ipò kẹsàn-án. Àwọn mẹ́jọ tó ti lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nínú àwọn tó kù, bàbá yẹn ló dára jù.”

“Kí lo rí lára rẹ̀?”

“Mi ò rí nǹkan kan. Mo pa ojú dé ni. Àwọn ọmọ mi ní Hamburg mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú pápá, bíi pé Bibliothek, ilé ìkàwé, ni wọ́n wà. Lọ́dún tó kọjá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló pa wá. Lónìí, ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó ń to èèyàn. Mo la ojú láti wo ẹni tó ni ín.”

Ẹ̀gbọ́n rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò níta. Mo ti rí àwọn èèyàn tó gba oyè, mo sì ti kọ̀ròyìn wọn. N kò tíì rí ẹni tó rìn báyẹn.

Nínú U7, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kó tó jókòó ló ti pe ìyàwó rẹ̀. Ó fi sí ohùn òde, bóyá kí èmi náà lè gbọ́.

“Wọ́n mú mi.”

“Ẹ ṣeun Jésù. Ipò kélòó?”

“Kẹsàn-án.”

“Kẹsàn-án?”

“Kẹsàn-án gidi.”

Nígbà tó pa fóònù, mo ní mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n mú èkejì.

“Mo rí ẹnu ẹ. Ojú kípà ni mo ní.” Ó ń wo bàtà rẹ̀. “Bí o bá mú mi nítorí pé a jọ ń lo yàrá ìfọṣọ kan, kí ni mo wá yọ orúkọ mi kúrò fún? O ṣe dáadáa. O ṣì í mú ni, ṣùgbọ́n o ṣe dáadáa.”

Ìwé àdéhùn rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ojú ewé kan. Ìdánrawò ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ní Hamburg. Òun ni yóò ṣọ́lé nínú ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá dára jù. Ó gun àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ wá fi hàn mí, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ìka rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ kan. “Wọn ò kọ ‘Bàbá’ síbẹ̀. ‘Aṣọ́lé’ ni wọ́n kọ.” Ó bẹ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi bá a pààrọ̀ Dienstplan, ìyẹn ìwé àkókò iṣẹ́, ó ń wa bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sunday láti fi san Sátidé. Láti Spandau ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nínú àpò ọ̀rá.

Ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá, wọn ò mú un kúrò. Nínú oṣù kẹfà, ó kan àwa. A lọ bá wọn ní Hamburg, lórí pápá kan tí èèyàn ti ń rí àwọn ẹ̀rọ gíga tó ń gbé ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá. Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n, àmọ́ ìborùn ẹgbẹ́ tèmi wà lọ́rùn mi.

“Ẹ lè jókòó,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Ẹ ò kàn gbọdọ̀ pariwo.”

Kò sí bí n ṣe fẹ́ pariwo. Ohùn ọkọ rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Kò tíì mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn rẹ̀ tán, nítorí náà iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló fi ń pè wọ́n ní èdè Jámánì, Informatik fún oníkọ̀ǹpútà, Pflege fún nọ́ọ̀sì. “Informatik, sún mọ́ ọn! Pflege, má wo bọ́ọ̀lù, wo èèyàn! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fẹ́ fẹ́ ara yín ni? Ẹ túká!” Wọ́n ń túká, wọ́n ń sún mọ́ra, bí ìgbà tí èèyàn ń to àga. Ní òdìkejì, ọmọ tó ga ń fò, kò sì sọ nǹkan kan. Hamburg gbá góòlù kan wọlé láàárín àwọn ẹ̀yìn wa méjì tí kálukú wọn rò pé ẹnì kejì ló máa gbá a kúrò. Àwa náà dá ọ̀kan padà. Ó gba orí ẹ̀gbọ́n kọjá, mo sì dìde. Ìyàwó rẹ̀ wo mi. Mo jókòó. Hamburg tún gbá ìkejì.

Ó ku díẹ̀ kí fèrè dún, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa já gba àárín, òun àti ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù. Ẹni tí mo ní kì í dé lásìkò yẹn ni. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó pẹ́ dé, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ó sì sáré wọ pápá láìwo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n ò sáré síta. Ó na ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Ọmọ yìí! Látàárọ̀ tí o ti dé, o ò tíì kí mi!”

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ọmọ náà gbé orí sókè. Eékún rẹ̀ tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti bọ́ọ̀lù jìnnà jù. Nígbà tó máa fi wo ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti dùbúlẹ̀ lé bọ́ọ̀lù.

Bẹ́ǹṣì wa fò sókè. “Rẹfirí! Ó ń bá a sọ̀rọ̀!”

Rẹfirí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Hamburg, na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ̀sùn wo ni kí n kọ? Pé àgbà béèrè ìkíni?”

Góòlù méjì sí ọ̀kan. Lẹ́yìn fèrè, ọmọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lórí koríko àtọwọ́dá, gbogbo èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wọ pápá pẹ̀lú ìwé àti kálámù mi.

“Ẹ̀gbọ́n, níbi àṣàyàn, ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ọjọ́ orí ṣe yín lóore.”

Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. “Níbi àṣàyàn, àwọn ló fẹ́ fi ọjọ́ orí mi ṣe mí lóore. Nínú pápá, èmi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin padà sí Berlin, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá nínú yàrá ọkọ̀ wa pé ilé kan náà la ń gbé.

Ẹgbẹ́ wa ò gba ife lọ́dún yẹn. Neukölln ló gbà á pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn méjì tí mo bú, mo sì gba ẹ̀bi mi. Hamburg ṣe ìkejì. Méjì nínú àwọn àgbà ti pè mí báyìí pé kí n gbé orúkọ àwọn lọ sínú ìwé kejì. Mo sọ fún alága. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ra bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀ dè wọ́n.”

Nínú oṣù kẹwàá, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi orúkọ àwọn mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ dì mú ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣí ti Hamburg kẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo sì gun àtẹ̀gùn lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ awakọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo na ìwé náà sí i. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ṣèkejì. Kò ní wọ agbọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní láti yàn án, ọlá tàbí àìlọ́lá.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á lórí èjìká rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ta ni wọ́n kọ sókè mi?” ẹ̀gbọ́n bèèrè.

“Ọmọ Abẹ́òkúta yẹn. Ẹni ipò kìíní.”

Ó lọ fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, ó sì fà sẹ́yìn wò ó.

“Kò burú,” ó ní. “Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kì í kàn sọ̀rọ̀ ni.”